Ìsọ̀ Púpurú àti Gàrí Kan ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́: Bí Oúnjẹ Rẹ̀ Ṣe La Òkun Àtìláńtíìkì Já

Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá oníṣòwò oúnjẹ gbígbẹ mọ iṣẹ́ rẹ̀ kò lè mọ̀ ọ́n ní ọjọ́ tó rajà. Kò sí gàrí tí kì í dún lọ́wọ́ ní ìsọ̀, kò sì sí ẹja gbígbẹ tí kì í ta sánsán nígbà tí oòrùn bá wà lórí rẹ̀. Mo ra ẹrù oúnjẹ kan ní Ọjà Ọba ní Àkúrẹ́, mo gbé e lọ sí Las Palmas ní erékùṣù Canary tó jẹ́ ti orílẹ̀-èdè Spain, mo sì ti ibẹ̀ wọ ọkọ̀ ìgbòkun tó la òkun Àtìláńtíìkì já lọ sí Saint Lucia ní agbègbè Karibíà. Ọ̀nà yẹn tó 2,700 máìlì orí òkun, èyí tó jẹ́ nǹkan bí 5,000 km, kò sì sí ọjà, kò sí ẹni tí a lè tọrọ iyọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ìgbà tí ọkọ̀ ń sún mọ́ èbúté ni mo tó mọ irú ìsọ̀ tí mo ti rajà. Ohun tí mo rí nígbà náà ni mo fẹ́ kọ síbí, nítorí pé ọ̀pọ̀ ará Àkúrẹ́ ló ń di irú ẹrù bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tàbí fún àbúrò tó ń lọ sí òkè òkun, tí wọn kò sì mọ ẹni tí wọ́n lè fọkàn tán.

Ìsọ̀ náà wà ní ìlà àwọn ẹlẹ́lùbọ́ àti onígàrí nínú Ọjà Ọba, kò sì jìnnà sí ààfin Déjì. Kò ní pátákó àkọlé. Ìyá tó ni ín jẹ́ ọmọ Ìlàjẹ tó ti pẹ́ ní Àkúrẹ́. Ó ní kí n má gbé orúkọ òun jáde, mo sì bọ̀wọ̀ fún un, ṣùgbọ́n ẹni tó bá béèrè ìyá Ìlàjẹ tó ń ta púpurú olódidi, ìyẹn ẹ̀gẹ́ kíkan tí a mọ róbótó tí a sì fi èéfín yan, lọ́wọ́ àwọn alábàárù yóò débẹ̀ láìpẹ́. Ohun tó kọ́kọ́ mú mi fọkàn sí i ni ìbéèrè tó bi mí. Mo ti kí i kú ọjà, mo ti dárúkọ ohun tí mo fẹ́, ó sì ti ń wọn èlùbọ́ sínú ọ̀rá kí ó tó wí pé, “Ọmọ mi, ibo lò ń gbé gbogbo èyí lọ?” Mo ní, “Orí òkun ni mà, inú ọkọ̀ ni a ó ti máa jẹ ẹ́.” Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, “Ṣé ibì kan wà nínú ọkọ̀ yín tí iyọ̀ òkun kì í dé?” Mo ní n kò rò pé ó wà mà. Bí mo ṣe sọ bẹ́ẹ̀ tán ló da èlùbọ́ tó ti wọ̀n padà sínú ọpọ́n, ó ní èyí kò lè bá mi débẹ̀, ó sì ní kí n padà wá ní ọjọ́ kejì.

Nígbà tí mo padà dé, ó ti tún gàrí náà yan nínú agbada. Ó tú u sórí àtẹ fífẹ̀, ó ń fi ọwọ́ rò ó káàkiri títí ó fi tutù pátápátá kí ó tó dì í, ó ní bí a bá dí ẹnu ọ̀rá nígbà tí gàrí ṣì lọ́ wọ́ọ́rọ́, ooru inú rẹ̀ yóò di omi, omi náà ni yóò sì bà á jẹ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá ti àwọn onímọ̀ oúnjẹ mu, nítorí ìlànà oúnjẹ àgbáyé tí wọ́n ń pè ní Codex, tí FAO, àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ àgbáyé, àti WHO, àjọ ìlera àgbáyé, jọ gbé kalẹ̀, sọ pé omi inú gàrí kò gbọ́dọ̀ ju ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ọ̀rá méjì méjì ló fi di ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì fi iná àbẹ́là lẹ ẹnu wọn pọ̀. Kò gbà kí n ra egúsí lílọ̀; ó ní lílọ̀ ló ń mú kí òróró inú rẹ̀ tètè bàjẹ́, kí n gbé e lọ ní odidi, kí n máa gún un bí mo bá ṣe fẹ́ lò ó. Nígbà tí mo sọ fún un pé òfin ilẹ̀ Yúróòpù kò gba ẹran tàbí wàrà láti ilẹ̀ wa wọlé nínú báàgì èrò, ṣùgbọ́n pé ó gba ẹja tí kò bá ju 20 kg lọ, ó yọ ẹja rẹ̀ síta, ó ń ṣẹ́ ìrù ọ̀kọ̀ọ̀kan wò bóyá ó gbẹ dé inú. Àwọn tí kò gbẹ tó ló dá padà sórí ààrò. N kò tíì rí oníṣòwò tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yọ ọjà rẹ̀ kúrò nínú ohun tí oníbàárà ti gbà láti san owó lé lórí, mo sì kà á sí iyì ńlá.

Ó yẹ kí ẹni tí kò wọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rí mọ ibi tí a ti jẹ oúnjẹ náà. Ọkọ̀ wa gùn tó mítà méjìlá, ènìyàn mẹ́rin la sì wà nínú rẹ̀: tọkọtaya ará Jámánì tó ni ín, ọ̀dọ́kùnrin kan láti ilẹ̀ Potogí, àti èmi tí iṣẹ́ oúnjẹ wà lọ́wọ́ mi. Láti ìgbà tí a ti ṣí kúrò ní èbúté ní ìparí oṣù Bélú ni afẹ́fẹ́ láti àríwá ìlà-oòrùn ti ń tì wá lẹ́yìn, afẹ́fẹ́ kan náà tó ń gbé ọyẹ́ wá sí Àkúrẹ́. Àwọn ọjọ́ kan wà tí eruku pupa aṣálẹ̀ Sàhárà bà lé okùn àti ìgbòkun wa níbi tí ojú kò ti rí ilẹ̀ rárá. Nítorí pé ẹ̀yìn ni afẹ́fẹ́ ti ń wá, ọkọ̀ kì í tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan kí ó dúró síbẹ̀. Ó ń fì sọ́tùn-ún, ó ń fì sósì, tọ̀sán tòru. Sítóòfù gáàsì wa rọ̀ mọ́ irin méjì kí ó lè máa bá ọkọ̀ fì, kí ìkòkò má baà dojú dé, ìgbànú kan sì wà tí mo ń so mọ́ ìbàdí kí n má baà ṣubú lu iná.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn, ohun tútù ti tán. Búrẹ́dì ló kọ́kọ́ bu, tòmátì tẹ̀ lé e. Ọsàn wẹ́wẹ́ àti àlùbọ́sà ló pẹ́ jù, pẹ̀lú kábéèjì kan ṣoṣo tí mo ń ṣí ewé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹyin tí ìyàwó ọ̀gá ọkọ̀ ń yí padà lójoojúmọ́ kí inú rẹ̀ má baà lẹ̀ mọ́ èèpo ti ń lọ sí òpin. Omi mímu ni a ń ṣọ́ jù. Ẹ̀rọ tó ń sọ omi iyọ̀ di omi mímu wà nínú ọkọ̀, ṣùgbọ́n iná bátìrì ló ń jẹ, ọ̀gá ọkọ̀ kò sì fẹ́ kí a gbójú lé e. Nítorí náà omi òkun la fi ń fọ abọ́, omi òkun la fi ń wẹ̀, kí a tó fi ife omi gidi kan ṣan iyọ̀ kúrò lára. Bí a ti ń ṣàn án tó, iyọ̀ wà níbi gbogbo. Lítà omi òkun kan ní nǹkan bíi gíráàmù 35 iyọ̀ nínú, bí omi náà bá sì ti gbẹ lára aṣọ tàbí lára ọ̀rá, iyọ̀ tó kù síbẹ̀ yóò máa fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, débi pé aṣọ tí a sá láàárọ̀ kì í gbẹ tán títí di alẹ́. Ìgbà yẹn ni ìbéèrè tí ìyá náà bi mí ní ìsọ̀ yé mi dójú àmì.

Gàrí rẹ̀ ló yege jù. Ọ̀rá tí mo ṣí ní ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn ń dún lọ́wọ́ gẹ́gẹ́ bí èyí tí mo ṣí ní Las Palmas, kò dì, kò ní kòkòrò, kíkan rẹ̀ kò sì yí padà. Bí a ti ń sún mọ́ Karibíà, òjò àti ẹ̀fúùfù líle máa ń ṣú lójijì ní òru, a ó sáré dín ìgbòkun kù, a ó rẹ gbindin, ọkọ̀ yóò sì máa mì débi pé kò bójú mu láti tan iná. Ní irú òru bẹ́ẹ̀, gàrí rírẹ pẹ̀lú ṣúgà àti kúlíkúlí ni oúnjẹ, kò gba gáàsì, kò gba ju ife omi kan lọ, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kan di irin mú lè fi ọwọ́ kejì jẹ ẹ́. Ọ̀gá ọkọ̀ tí kò jẹ gàrí rí kí a tó pàdé bẹ̀rẹ̀ sí béèrè rẹ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn ẹja kéékèèké tó ń fò tún máa ń bọ́ sórí ọkọ̀ ní òru, mo sì ń ṣà wọ́n láàárọ̀, mo ń yí wọn nínú gàrí kíkúnná kí n tó dín wọn. Gàrí tó bá ní ọ̀rinrin kò lè ṣe irú iṣẹ́ yẹn, ńṣe ni yóò máa fa òróró mu.

Ògì gbígbẹ rẹ̀ dára bákan náà, òun sì ni oúnjẹ ìṣọ́ òru. Wákàtí mẹ́ta mẹ́ta la fi ń pín òru láàárín àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, oorun kò sì tó ẹnikẹ́ni mọ́ nígbà yẹn. Agogo pàápàá dá kún un. Láti Las Palmas dé Saint Lucia, wákàtí mẹ́rin la ó dá agogo padà sẹ́yìn, márùn-ún sì ni ìyàtọ̀ sí ti Àkúrẹ́. Bí a bá ti fi agogo sílẹ̀ láì dá a padà fún ọjọ́ mélòó kan, oòrùn yóò máa pẹ́ yọ, oúnjẹ àárọ̀ yóò sì bọ́ sínú òkùnkùn. Ife ògì gbígbóná tó ní ata ilẹ̀ nínú ni mo ń gbé lé ẹni tó bá ń gba ìṣọ́ lọ́wọ́, kò sì sẹ́ni tó kọ̀ ọ́ rí. Ata ilẹ̀ náà, ènì ni ìyá fún mi. Ó ní èébì òkun kì í fi àlejò ṣeré, ó sì ràn wá lọ́wọ́ gan-an ní àwọn ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ibi ògì yìí gan-an ni mo ti ní ẹjọ́ láti rò. Ìyá náà kò kọ ohunkóhun sára ọ̀rá rẹ̀. Ògì gbígbẹ, láfún àti èlùbọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà nínú irú ọ̀rá kan náà, ìwọ̀n kan náà. Lójú ọ̀sán, ojú lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n iná pupa fẹ́ẹ́rẹ́ nìkan la ń tàn nínú ọkọ̀ ní òru, kí ojú ẹni tó wà lẹ́nu ìṣọ́ má baà fọ́ sí òkùnkùn, gbogbo ìyẹ̀fun sì jọ ara wọn lábẹ́ iná pupa. Ọ̀dọ́kùnrin ará Potogí náà fẹ́ po ògì fún ara rẹ̀ ní òru ọjọ́ kan, láfún ló bù sínú omi gbígbóná. Ó dì kí ó tó gbé ṣíbí kúrò. Omi tó fi ṣòfò dùn wá ju ìyẹ̀fun náà lọ. Mo kọ orúkọ sára gbogbo ọ̀rá nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àmọ́ iṣẹ́ tí ó yẹ kí a ti ṣe ní ìsọ̀ ni.

Púpurú ni mo fẹ́ dúró lé lórí díẹ̀, nítorí òun ni ìsọ̀ náà fi gbajúmọ̀, òun náà ni àwọn ará Àkúrẹ́ kì í sábà rà fún ìrìn àjò. Ẹ̀gẹ́ tí a rẹ tó sì kan ni wọ́n ń fún, tí wọ́n ń mọ róbótó, tí wọ́n ń fi èéfín yan lórí ààrò títí ara rẹ̀ yóò fi dúdú. Èèpo dúdú yẹn dà bí èèpo àgbọn fún un: ohun tó wà nínú funfun, ó gbẹ, ọ̀rinrin kì í tètè dé ibẹ̀. Ìyá náà ní ìyẹ̀fun púpurú tí wọ́n ti lọ̀, ó sì rọrùn láti gbé, ṣùgbọ́n ó fi dandan lé e pé olódidi ni kí n mú. Lórí ọkọ̀, mo ń fi ọ̀bẹ ha èèpo náà kúrò sínú òkun, mo ń fi aṣọ mímọ́ wé e, mo sì ń fi ọwọ́ irin tí a fi ń yí okùn ìgbòkun lù ú títí yóò fi fọ́ wẹ́wẹ́. Mo tún ń gún un, mo ń fi asẹ́ tíì jọ̀ ọ́. Iṣẹ́ pọ̀ nínú rẹ̀, mi ò ní pa á mọ́, ó sì ń gba omi híhó ju èbà lọ, èyí tí kì í ṣe ohun kékeré nígbà tí a ń ka omi. Ṣùgbọ́n bí mo bá rò ó tán, òórùn èéfín náà yóò gba inú ọkọ̀ kan, ó sì ń mú ọbẹ̀ tí kò ní ju ẹja àti epo lọ dùn bí ọbẹ̀ tí ẹran kún inú rẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn lórí omi, kò sí ẹyọ kan ṣoṣo tó bu nínú púpurú olódidi wọ̀nyẹn. Àwọn ará Ìlàjẹ tí òkun ń gbá ẹnu ọ̀nà wọn, tí òkun sì ti gba púpọ̀ nínú ilẹ̀ Ayétòrò lọ́wọ́ wọn láti ìgbà tí wọ́n ti tẹ ìlú náà dó ní 1947, ti mọ ọ̀nà àtidáàbò bo oúnjẹ lọ́wọ́ omi, ìmọ̀ yẹn sì ni ènìyàn ń rà ní ìsọ̀ yìí pẹ̀lú ọjà.

Ẹja àti edé kò dójú tì wá. A ti ń fi ìwọ̀ fa ẹja tútù lẹ́yìn ọkọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n bí a ti ń sún mọ́ Karibíà ni koríko òkun aláwọ̀ ìyeyè tí wọ́n ń pè ní sargassum bẹ̀rẹ̀ sí bo ojú omi ní ìlà gígùn gígùn, ó ń lọ́ mọ́ ìwọ̀ ní gbogbo ìgbà tí a bá jù ú, títí a fi kó okùn wọlé. Láti ọjọ́ náà lọ, yàtọ̀ sí àwọn ẹja kéékèèké tó ń fò bọ́ sórí ọkọ̀, ẹja gbígbẹ ìyá náà nìkan ni ẹja wa. Kòkòrò kò sí nínú rẹ̀. Àwọn àrọ̀ ńlá ló gbẹ jù. Àwọn ẹja pẹlẹbẹ kan rọ̀ díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ egungun, mo sì ní láti tètè jẹ wọ́n tán.

Ata gbígbẹ lílọ̀ ni ó bàjẹ́. Okùn lásán ni ìyá náà fi so ẹnu ọ̀rá rẹ̀, kò fi iná lẹ̀ ẹ́ bí ó ti ṣe fún gàrí, ọ̀rá náà sì fẹ́lẹ́. Kí a tó dé ìdajì ọ̀nà, ata ti dì gbagidi, ó ti bu, mo dà á nù. Irú gbígbẹ oníyọ̀ dára ní ti oúnjẹ, àmọ́ òórùn rẹ̀ nínú ọkọ̀ tí a ti gbogbo fèrèsé rẹ̀ pa nítorí ìgbì le fún àwọn tí wọn kò mọ̀ ọ́n, ìyàwó ọ̀gá ọkọ̀ sì bẹ̀ mí kí n kó o sínú ike onídèérí líle. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀.

Ẹni tí afẹ́fẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀ kò lè gbóòórùn ilẹ̀ tó wà níwájú. Ẹyẹ òkun oníyẹ̀ẹ́ gígùn la kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà àwọsánmà tó dúró sójú kan. Nígbà tí ilẹ̀ ṣú, ìmọ́lẹ̀ Martinique yọ ní ọwọ́ ọ̀tún wa, ti Saint Lucia sì yọ níwájú. Kò sẹ́ni tó fẹ́ sùn. Ohun tó kù nínú àpótí oúnjẹ ní alẹ́ ọjọ́ náà ni gàrí ọ̀rá kan tí a kò tíì ṣí, púpurú mélòó kan, edé, egúsí, àti epo pupa tí kò jò rárá nítorí pé ìyá náà ti fi ọ̀rá tẹ́ abẹ́ ìdérí rẹ̀. Mo se ọbẹ̀ egúsí sí púpurú, a sì jẹun yó. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ló ń wọ èbúté Rodney Bay tí ó jẹ́ pé ìrẹsì àti ohun inú agolo nìkan ló kù fún wọn.

Ní ti owó, ọjà ìyá náà wọ́n ju ti àwọn ìsọ̀ tó yí i ká lọ, kì í sì í gbà kí a dúnàádúrà títí. Owó yíyan lẹ́ẹ̀kejì àti ọ̀rá onímẹ́jì wà nínú ohun tó ń pè, mo sì rò pé ó tọ́ sí i. Ẹni tó kàn fẹ́ jẹ gàrí nílé láàárín ọ̀sẹ̀ kan kò nílò láti san iye yẹn. Kí ó rà á níbòmíràn nínú ọjà náà. Ṣùgbọ́n ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ ní láti pẹ́, yálà nínú ọkọ̀ ojú omi tàbí nínú yàrá akẹ́kọ̀ọ́ ní ìlú òtútù, ibẹ̀ ni mo lè rán an lọ. Kí ó lọ ní àárọ̀, ó kéré tán ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ìrìn àjò rẹ̀, nítorí ìyá náà kì í kánjú di ẹrù. Kí ó sọ ibi tó ń lọ fún un láì fi nǹkan kan pamọ́. Kí ó ní kí wọ́n fi iná lẹ ẹnu ọ̀rá ata náà, kì í ṣe ti gàrí nìkan, kí ó sì mú bírò tó ń kọ sára ọ̀rá dání, kí ó kọ orúkọ oúnjẹ kọ̀ọ̀kan sí i lára kí ó tó kúrò níwájú ìsọ̀.